Dátà mi bàjẹ́ ní làbù, díẹ̀ ló kù kí n parọ́: ẹ̀yin Kristẹni tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Àbẹ̀kẹ́Làbù
Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún tí kò kàn ní sọ pé kí n lọ gbàdúrà sí i.

Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣe másítà, microbiology ni, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Omi kànga ni mò ń yẹ̀ wò. Kànga 20, láti Òkè-Baálẹ̀ dé Ayétòrò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́dọ̀ bu omi kọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo ẹ̀ jẹ́ èsì 60. Ẹ̀ẹ̀kíní lọ dáadáa, ẹ̀ẹ̀kejì náà ò ní wàhálà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. A máa ń bu omi yẹn sínú àwọn túúbù tí omi oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní MacConkey wà nínú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ dà bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, a ó ti da ojú ìgò tínńtín kan dé sínú túúbù kọ̀ọ̀kan, Durham ni wọ́n ń pe ìgò yẹn. A ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ínkúbétọ̀, àpótí oníná tó máa ń mú nǹkan lọ́wọ́ọ́rọ́, ní 37 dígíríì, wákàtí 24 sí 48. Tí irú àwọn kòkòrò tó máa ń tinú ìgbẹ́ wá bá wà nínú omi yẹn, àwọ̀ àlùkò yẹn á di yẹ́lò, gáàsì á sì kó sínú ìgò kékeré yẹn, wàá rí i bó ṣe dúró sí òkè ìgò bí èéhó. A ó wá ka iye túúbù tó yí padà, a ó lọ wo tábìlì, tábìlì ló máa sọ iye kòkòrò tó ṣeé ṣe kó wà nínú 100 ml.

Wọ́n mú iná lálẹ́ Ọjọ́rú, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán. Nígbà tí mo dé làbù laago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, témómítà inú ínkúbétọ̀ wà lórí 26. Omi láti inú kànga mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹ̀.

Bọ̀dá kan wà tí a jọ ń lo làbù, èèyàn dáadáa ni, àwa méjèèjì la jọ ń léwájú orin ní fẹ́lóṣíìpù nígbà tá a ṣì ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o kúkú ti mọ bí ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì ṣe rí, kí ló wá le nínú ẹ̀ẹ̀kẹta, kọ ọ́ síbẹ̀ jẹ́ ká lọ jẹun." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ mi ní ìkọkúkọ, bí ẹni tó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Mo jókòó, mo ṣí nótùbúùkù mi. Mo kọ 43 síwájú kànga kan, mo kọ 93 síwájú èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyí: nọ́ńbà yẹn ò yàtọ̀ sí tòótọ́ rárá. Nọ́ńbà tó lè jáde nínú tábìlì yẹn ò pọ̀, 23, 43, 93, 150, 240, díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó parọ́ àti ẹni tó fi gbogbo òru ṣiṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa kọ. Kò sí ẹ̀dá tó máa wo ojú ìwé yẹn tó máa mọ̀.

Kànga kẹta tó yẹ kí n kọ, ti ìyá kan ní Òkè-Baálẹ̀ ni. Ìyá yẹn kì í jẹ́ kí n fa omi fúnra mi, á ní aṣọ mi máa dọ̀tí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé omi wa dáa ṣá? Torí àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí ló ń mu ún." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé tí mo bá parí mà, mo máa wá sọ fún yín. Ibẹ̀ lọwọ́ mi ti dúró. Mi ò gbọ́ ohùn kankan o. Ojú ìyá yẹn ni mo rí.

Mo ṣe akọ̀wé àdúrà ní fẹ́lóṣíìpù fún ọdún méjì. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa bí Kristẹni ṣe ń gbé ní yunifásítì, ti aṣọ ni, ti ọ̀rẹ́kùnrin ni, ti kí a má wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò ni. Kò sẹ́ni tó bá wa dórí tábìlì làbù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò tíì sọ fún súpáfáísọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?


BàbáOlùkọ́ÒkèFìà
Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o káre. Ọdún 22 ni mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wàá ṣe lọ́la kó tó di pé mo sọ ìtàn.

Má fa ojú ìwé yẹn ya. Má fi nǹkan funfun pa nọ́ńbà méjì yẹn rẹ́. Fa ìlà kan ṣoṣo lé wọn lórí, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á ṣì lè kà á, kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kó o wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iná lọ, 26 dígíríì ni mo bá a, omi kànga 14 bàjẹ́. Ojú ìwé yẹn ti wúlò nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn lọ bá súpáfáísọ̀ ẹ kí ẹlòmíràn tó sọ fún un. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ tún omi 14 yẹn bù, kó o kọ déètì tuntun tó o bù ú, torí omi kànga ìgbà òjò àti ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọ̀kan náà, tàbí kó o fi èsì 46 tó wà nílẹ̀ kọ iṣẹ́ ẹ kó o sọ ọ́ níbẹ̀ pé 14 sọnù àti ohun tó fà á. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èsì tó sọnù.

Ìtàn wá nìyí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ìjọ wa kan gba 36 nínú kọ́ọ̀sì mi. Pásítọ̀ pè mí lálẹ́ Sátidé, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ràn án lọ́wọ́, ará ilé ìgbàgbọ́ ni." Wọn ò fún mi lówó, wọn ò halẹ̀ mọ́ mi, ẹ̀bẹ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le. Tó bá jẹ́ owó ni wọ́n mú wá, ó rọrùn láti bínú. Mo sọ fún wọn pé, "Sà, mákì yẹn kì í ṣe tèmi tí mo lè fi ta yín lọ́rẹ. Àwọn ọmọ 118 ló kọ ìdánwò yẹn, tí mo bá gbé tiẹ̀ sókè, mo ti rẹ́ àwọn yòókù jẹ nìyẹn." Ìwé Òwe orí 11 ẹsẹ 1 ló wà lọ́kàn mi, níbi tó ti ní òṣùwọ̀n èké jẹ́ ìríra lójú Olúwa. Mo ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi wàásù fún àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n ń fi kóńgò tí kò pé wọn gàrí. Èmi náà ń wọn nǹkan. Mákì ni kóńgò tèmi.

Mo ní kí ọmọ náà máa wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn kíláàsì, ó wá ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò wá mọ́. Ó tún ìdánwò yẹn kọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba 47. Pásítọ̀ wa, a ń kí ara wa dáadáa, àmọ́ wọn ò pè mí láti ka Bíbélì nínú ìsìn fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́.


Tóbi_300L
Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́

Bàbá ẹ ṣeun sà. Sísítà Àbẹ̀kẹ́ ẹ kú ìnira. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ àmọ́ mo rò pé ọ̀nà kan náà ni. Mo ní kárí-óòfà mẹ́ta báyìí, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, kì í ṣe pé orí mi ò pé, ibi tí àkókò mi ń lọ ni. Ọjọ́ Ajé àdúrà, Ọjọ́rú ẹ̀kọ́ Bíbélì, Fúráìdé fíjìlì, Sátidé ìdánrawò orin àti ìjáde ìhìnrere, Sọ́ńdè láti aago méje di aago kan, ká tó tún pàdé nírọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń mójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí mi ò bá dé kò sí ìsìn. Ìyá mi ń ta ata ní Ọjà Ọba, àwọn ló ń san owó iléèwé mi, ìgbà tí mo dé ilé nínú ọlidé wọ́n bi mí pé ẹ̀kọ́ ńkọ́, mo ní ó ń lọ dáadáa mà. Irọ́ ni mo pa fún wọn.

Kí sẹ̀mísítà tó kọjá tó parí wọ́n ní ká gbé bírò wa sókè, wọ́n gbàdúrà sí i wọ́n fi òróró kàn án. Mi ò sọ pé ó burú, mo gba àdúrà yẹn gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi ìdánwò, mo wo ìwé ìbéèrè, mo wo bírò yẹn, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé mi ò fún Ọlọ́run ní nǹkan kan tó máa fi ràn mí lọ́wọ́, torí mi ò kàwé. Ṣé ìwé kíkà náà lè jẹ́ ìsìn? Kì í ṣe pé mò ń wá àwáwí o, mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni.


SísítàOlórin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:21 àárọ̀

Tóbi, mo gbọ́ ẹ, àmọ́ má ṣe jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀bi di fẹ́lóṣíìpù o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, fẹ́lóṣíìpù ló jẹ́ kí n parí iléèwé. Nígbà tí mo wọlé, mi ò mẹ́nì kankan ní Òṣogbo, gàrí ni mò ń mu láàárọ̀ tí mò ń mu lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan nínú fẹ́lóṣíìpù ló máa ń kọ́ wa ní calculus, aago márùn-ún ìdájí, àwa mẹ́fà, ṣọ́ọ̀kì funfun lórí pátákó tí ojú ẹ̀ ti là, á fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan iná sí i tí kò bá sí iná. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìfẹ́ ju gbogbo ìwàásù lọ. B ni mo ní nínú kọ́ọ̀sì yẹn.

Mi ò wá sọ pé ohun tó o sọ kì í ṣe òótọ́. Lọ bá ààrẹ yín, sọ fún un pé o fẹ́ kúrò nídìí ẹ̀rọ fún sẹ̀mísítà kan, kí wọ́n wá ẹni méjì tó o máa kọ́. Èmi náà kúrò nínú kọ́yà fún sẹ̀mísítà kan ní 300 level. Àwọn kan sọ pé mo ti ń fà sẹ́yìn. Mo sunkún lórí ẹ̀, mo sì kàwé. Wọ́n gbà mí padà.


AlfaFísíìsì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ má bínú pé mo dá sí i, Mùsùlùmí ni mí. Àmọ́ ọmọ Òṣogbo ni mí, ẹ kúkú mọ bí ilé wa ṣe ń rí, bàbá mi ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá bàbá mi mọ oríkì Ọ̀ṣun látòkè délẹ̀, inú agbo ilé kan náà la gbé ń jẹun. Ọ̀rọ̀ Sísítà Àbẹ̀kẹ́ wọ̀ mí lára. Àmánà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí wọ́n fi sí ẹ níkàáwọ́. Físíìsì ni mo kọ́, èmi náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí èèyàn se dátà, kó kọ nọ́ńbà tí kò rí.

Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè. Sísítà, ẹ ní ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì lọ dáadáa. Kí ni èsì kànga ìyá yẹn lẹ́ẹ̀mejèèjì? Torí gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe fi lélẹ̀, kò yẹ kí a rí E. coli, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò inú ìgbẹ́ yẹn, rárá nínú 100 ml omi mímu. Tí ẹ bá ti rí nǹkan nínú omi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí lẹ tún ń dúró dè kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn? Ẹ ò parọ́ nínú nótùbúùkù, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn ṣì ń mu omi yẹn lónìí.


Àbẹ̀kẹ́Làbù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Alfa, ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ó sì yẹ kó dùn mí. 240 lẹ́ẹ̀kíní, 93 lẹ́ẹ̀kejì, ìdánwò tó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé E. coli wà níbẹ̀. Láti oṣù kan àbọ̀ ni mo ti mọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ò tíì parí, wọn ò tíì fọwọ́ sí i, mi ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ orúkọ mi lórí ìwé ni mò ń dààmú lé lórí, ìyá yẹn ń dúró. Màá lọ lọ́la.


ÌtànṢógbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Ẹ gbà mí láyè kí n gbé tèmi sínú ọ̀rọ̀ yìí, ó jọ mọ́ ọn. Ìtàn ni mò ń kọ́, pírójẹ́ẹ̀tì mi wà lórí igbó Ọ̀ṣun. Bí ìjọba ṣe sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, iṣẹ́ tí Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú sí Òṣogbo níbí ní 2009, ṣe pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa, títí tó fi wọ ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé ti UNESCO ní 2005. Bọ̀dá kan nínú fẹ́lóṣíìpù pè mí sẹ́yìn, ó ní kí n lọ pààrọ̀ àkòrí, pé Kristẹni ò lè máa wọ igbó òrìṣà lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, pé ẹ̀mí tó wà níbẹ̀ máa bá mi wálé. Àwọn mìíràn ní kí n kọ ọ́ àmọ́ kí n rí i pé mo bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ẹ̀ ní orí tó kẹ́yìn, kí àwọn tó máa kà á lè mọ ibi tí mo dúró.

Mi ò fẹ́ ṣe èkíní, mi ò sì fẹ́ ṣe èkejì. Ìyá àgbà tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún mi ní ìjókòó, wọ́n fún mi ní omi, wọ́n sọ̀rọ̀ Arugbá àti bí ọmọbìnrin tó máa gbé igbá ṣe ń múra sílẹ̀, wákàtí méjì. Wọ́n mọ̀ pé Kristẹni ni mí, àgbélébùú wà lọ́rùn mi. Ṣé kí n wá padà sílé lọ kọ nǹkan tí wọn ò sọ?


BàbáOlùkọ́ÒkèFìà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:47 alẹ́

Ọmọ mi, ka Dáníẹ́lì orí kìíní láìyára. Ẹsẹ 4 sọ pé wọ́n kọ́ wọn ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà. Ìwé àwọn abọ̀rìṣà ni, wọ́n sì kọ́ ọ. Ẹsẹ 8, Dáníẹ́lì kọ oúnjẹ ọba. Ẹsẹ 17 wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò, pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló fún wọn ní ìmọ̀ nínú gbogbo ìwé yẹn. Oúnjẹ ló kọ̀, kò kọ ìwé. Tóbi, èyí dá ìwọ náà lóhùn.

Kò sẹ́ni tó ní kó o bọ Ọ̀ṣun. Wọ́n ní kó o kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí màá fi wọn iṣẹ́ ẹ ni pé, tí wọ́n bá ka orí kẹta sí ìyá àgbà yẹn létí, ṣé wọ́n máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn? Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, o ti jẹ́rìí èké, àṣẹ kẹsàn-án sì nìyẹn, yálà o ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí o ò lọ. Ibi tí ìgbàgbọ́ ẹ dúró sí, tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà tútù. Má fi ìbínú kọ orí tó kẹ́yìn láti tẹ́ bọ̀dá kankan lọ́rùn.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ní 1827 ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ Fourah Bay, iléèwé gíga ní Sierra Leone, ọdún 1843 tí wọ́n fi jẹ àlùfáà náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ jáde. Ẹni tó fẹ́ túmọ̀ Bíbélì kò lè sá fún ẹnu àwọn èèyàn ẹ̀. Ó ní láti jókòó ti oníṣègùn, ti ọlọ́jà, ti babaláwo, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.


AlfaFísíìsì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 alẹ́

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Àdúrà, àlùfáà, wòlíì, ẹnu àwa Mùsùlùmí ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti dé inú Bíbélì Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń kà. Ẹni tó tẹ́tí dáadáa ló lè ṣe irú ẹ̀.


DúpẹBáyọ́
Ọjọ́rú, 7:12 àárọ̀

Èmi báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́, olùkọ́ wa ń kọ́ wa ní evolution, pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ohun alààyè ń yí padà láti ìran dé ìran, mo sì máa ń kọ ohun tí mi ò gbà gbọ́ sínú ìdánwò. Ṣé àgàbàgebè ni mí?


SísítàOlórin
Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Rárá. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n bi ẹ́, sọ ohun tí ìwé sọ, kó sì yé ẹ gan-an kó o tó sọ pé o ò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá ohun tí a ò kà jà. Gregor Mendel tí gbogbo yín ń kọ́ nípa ẹ̀wà tó gbìn, ẹlẹ́sìn tó ń gbé ní ilé àwọn mọ́ǹkì ni, 1866 ni iṣẹ́ ẹ̀ jáde. Lemaître, onímọ̀ físíìsì tó sọ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń gbòòrò sí i, fadá ni. Francis Collins tó léwájú iṣẹ́ kíka gbogbo jíìnì èèyàn tó parí ní 2003, onígbàgbọ́ tó ń sọ ọ́ ní gbangba ni, òun sì gba evolution gbọ́. Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ò tíì yanjú ẹ̀ tán lọ́kàn mi, àmọ́ mi ò bẹ̀rù ìwé yẹn mọ́.


ÀbúròMojí
Ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ apá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí Sísítà Àbẹ̀kẹ́ ṣe yìí. Iléèwé ibòmíràn ni. Ó sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé dátà òun ò dáa, ọ̀gá yẹn bínú sí i, ó fi odindi ọdún kan kún un. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ ohun tó wù wọ́n, wọ́n ti gbàwé, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Owó yàrá, owó iléèwé, àwa nílé la jọ pín in san, bàbá wa ta ilẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kó ní a kí ẹ o. Kódà wọ́n ń bi í pé ṣé nǹkan kan ń lé e ni tí kò fi tètè jáde, wọ́n ní kó wá fún ìtúsílẹ̀. Mi ò ní kí Sísítà parọ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń ní kó rù, kẹ́ ẹ má kàn ní kó rù ú kẹ́ ẹ wá padà sílé.


BàbáOlùkọ́ÒkèFìà
Ọjọ́rú, 3:18 ọ̀sán

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní ìdáhùn tó máa mú ilẹ̀ bàbá yín padà. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n ẹ, sọ fún un pé olùkọ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ní ó ṣeun.

Ọ̀rọ̀ yìí tún rán mi létí nǹkan kan. Nínú ìjọ wa, tá a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti yunifásítì, a máa ń sọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Kumuyi tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní 1973, a máa ń sọ̀rọ̀ Pásítọ̀ Adeboye tí òun náà kọ́ni ní ìṣirò níbẹ̀ kó tó di alábòójútó ìjọ ẹ̀ ní 1981. Mo bọlá fún wọn gidi. Àmọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́, ó máa ń dà bíi pé ìgbà tí wọ́n kúrò ní kíláàsì ni iṣẹ́ Olúwa wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró ńkọ́? Ẹni tó wà nídìí máákì ìwé ìdánwò títí di aago méjì òru, tó ka ìwé ọmọ tó kọ ọ́ jákujàku lẹ́ẹ̀mejì kó má baà rẹ́ ẹ jẹ? A kì í pe irú wọn síwájú pẹpẹ. Ó yẹ kí ìjọ kan ní Òṣogbo yìí mú ọmọ tó sọ òótọ́ tó fi pàdánù ọdún kan, kí wọ́n san owó yàrá ẹ̀.


Tóbi_300L
Ọjọ́bọ̀, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti bá ààrẹ wa sọ̀rọ̀. Inú ẹ̀ ò dùn, àmọ́ ó gbà. Mo tún pe ìyá mi, mo sọ ti kárí-óòfà mẹ́ta yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé mo ti jẹun.


Àbẹ̀kẹ́Làbù
Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ṣe méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Òkè-Baálẹ̀ lánàá. Mo sọ fún ìyá yẹn pé omi yín ò dáa mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa sè é kí àwọn ọmọ tó mu ún. Mo ti rò pé wọ́n máa dúpẹ́. Wọn ò dúpẹ́. Wọ́n ní, "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Mo sọ òótọ́, mo ní oṣù kan àbọ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéékèèké yẹn ti yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n wá mú mi yí ẹ̀yìn ilé po, ibi tí mi ò dé rí torí ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa ń gbà wọlé, ṣáláńgá ilé kejì wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí kànga, ó sì yẹ kó jìnnà tó 30 mítà ó kéré tán. Gáàsì ti wọ́n, wọn ò lè máa se omi lójoojúmọ́, mo ti ṣèlérí pé màá bá wọn wá kẹ́míkà chlorine tí wọ́n ń fi sómi, màá sì fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n hàn wọ́n. Sátidé ni.

Súpáfáísọ̀ mi, àárọ̀ òní. Mo gbé nótùbúùkù sí iwájú wọn, mo ṣí ojú ìwé yẹn, ìlà méjì yẹn wà lórí 43 àti 93. Wọ́n bi mí pé kí ni èyí, mo ní mo parọ́ níbẹ̀ sà, mo sì dúró. Wọn ò bínú. Wọ́n bọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n ní kí n lọ tún omi 14 yẹn bù. Mi ò lè bá àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù yìí mọ́, ó di sẹ̀mísítà tó ń bọ̀, màá tún sanwó. ÀbúròMojí, mo rántí ẹ̀gbọ́n yín nígbà tí mo ń jáde. Mo sunkún díẹ̀ nínú kọ̀rọ̀pẹ́ láti ibẹ̀ dé Ọláìyá.

Bọ̀dá tá a jọ ń lo làbù bi mí ohun tí súpáfáísọ̀ sọ. Mo sọ fún un. Kò sọ nǹkan kan, ó lọ ṣí nótùbúùkù tiẹ̀, ó ń wò ó.

Ìṣòro tó kù ni iná. Mi ò fẹ́ kí 14 yìí tún bàjẹ́.


AlfaFísíìsì
Ọjọ́bọ̀, 9:52 alẹ́

Mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan nílé, ó lè gbé ínkúbétọ̀ yín. Mi ò lò ó títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé wa ò jìnnà sí Ọláìyá, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.


SísítàOlórin
Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Epo di tèmi. Àti chlorine ti ìyá yẹn. Aago mélòó lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi lọ́jọ́ Sátidé?


Àbẹ̀kẹ́Làbù
Ọjọ́bọ̀, 10:14 alẹ́

Aago mẹ́fà àárọ̀, kí wọ́n tó fa omi ìwẹ̀. Òkè-Baálẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.